Àwọn obìnrin tí ìtàn sọ orúkọ wọn di ẹ̀rù: ìwé wo ló ṣeé gbà gbọ́, báwo lẹ sì ṣe ń kà á?

Iná_Àtùpà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ka ìwé lórí àwọn obìnrin tí wọ́n ní wọ́n burú jù nínú ìtàn: àwọn tó fi májèlé pa ọkọ, àwọn ayaba tí wọ́n pè ní apànìyàn, àwọn tí wọ́n pè lájẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì so rọ̀. Elizabeth Báthory ni mo fi bẹ̀rẹ̀, obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Hungary tí wọ́n mú ní oṣù Kejìlá ọdún 1610. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kà ní ẹ̀jẹ̀ wúńdíá ló fi ń wẹ̀ kí ara rẹ̀ má baà hunjọ. Mo gbà á tọkàntọkàn. Mo tilẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà tí mo gbé ìwé kejì ni mo rí i pé kò sí ẹlẹ́rìí kan tó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ọmọbìnrin kú ní ilé obìnrin yẹn lóòótọ́, èmi sì ti ń fi ikú wọn pa àlọ́ fún àwọn èèyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo lẹ ṣe ń dá ìwé gidi mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń fi ẹ̀jẹ̀ tajà? Ṣé ó yẹ kí n máa ka eré onítàn àti ìtàn àròsọ nípa wọn rárá? Èyí tó sì ń dà mí láàmú jù: báwo lẹ ṣe ń ka irú nǹkan báyìí tí ẹ fi ń rí oorun sùn?

Alákọsílẹ̀

Iná_Àtùpà, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ kà yẹn, kò sí ẹni tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ rí nínú wa.

Èmi, ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí, níbi tí òǹkọ̀wé ti sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, mo dá a padà sórí pẹpẹ. Bó bá wà, mo mú gbólóhùn kan ṣoṣo tó bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé náà, mo sì tọpa rẹ̀ títí dé orísun.

Mo ṣe é fún Báthory. Mo tẹ́ ìwé mẹ́rin sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ki bébà pélébé bọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wíwẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìkíní tọ́ka sí ìkejì. Ìkejì tọ́ka sí ìwé kan tó ti pẹ́ jù ú lọ. Ìkẹta kò tọ́ka síbì kankan, àmọ́ gbólóhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ìkejì rárá. Ìkẹrin nìkan ló dé ibi tí odò náà ti ṣẹ̀: àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, László Turóczi, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ní 1729. Obìnrin náà sì ti kú láti oṣù Kẹjọ ọdún 1614. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún 115 ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò bá a láyé, kò sì bá ẹnikẹ́ni tó bá a láyé.

Àmọ́ ẹ má tìtorí èyí sáré lọ sí apá kejì o. Àwọn kan ń kọ̀wé báyìí pé ọ̀tẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, pé Ọba Matthias jẹ ẹbí náà ní gbèsè, pé nítorí owó àti ilẹ̀ ni wọ́n ṣe gbógun tì í. Gbèsè yẹn wà lóòótọ́. Òótọ́ sì ni pé wọ́n fi ìyà jẹ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́wọ́, pé wọ́n pa mẹ́ta nínú wọn ní oṣù Kìíní 1611, pé òun fúnra rẹ̀ kò dé iwájú adájọ́ títí tó fi kú sínú àhámọ́ ní ààfin Čachtice. Síbẹ̀ àwọn tó jẹ́rìí lé ní 300. Ọ̀pọ̀ wọn, àgbọ́sọ ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn rí ọgbẹ́ lára àwọn ọmọbìnrin náà fúnra wọn, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ní ti iye òkú, méjì nínú àwọn ìránṣẹ́ náà ní 36 tàbí 37. Iye 650 tí wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ sí èèpo ìwé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sọ ọ́, ẹnu ẹlòmíràn ló sì ti gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ìwé tó bá fi 650 lélẹ̀ láìsọ pé àgbọ́sọ ni, mi ò kà á. Ìwé tó bá sì sọ pé ọwọ́ obìnrin yẹn mọ́ pátápátá, mo máa ń bi í pé, àwọn ẹlẹ́rìí tó lé ní 300 yẹn ńkọ́?

Arìnnàkò

Èmi ní ìdánwò kékeré kan fún ìwé lórí Salem, ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣẹjọ́ àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́. Mo máa ń wá iná. Bí òǹkọ̀wé bá sọ pé wọ́n dáná sun àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní Salem, mo pa ìwé náà dé. Wọn ò sun ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní 1692. Èèyàn 19 ni wọ́n so rọ̀, obìnrin 14, ọkùnrin 5. Wọ́n to òkúta lé Giles Corey láyà títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn márùn-ún kú sínú ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò tíì ṣí ìwé ilé ẹjọ́ wò.

Akàtàn

Òótọ́ lẹ sọ, Arìnnàkò. Ẹ fi Tituba, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní àjẹ́ níbẹ̀, kún un. Ìwé ilé ẹjọ́ pè é ní ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹrú nínú ilé pásítọ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn òǹkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di obìnrin Áfíríkà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní oògùn. Kò sí ibi kankan nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà tí wọ́n ti ní ó kọ́ ọmọ kankan ní oògùn. Ẹ̀rù náà wúwo, wọ́n wá orí tí wọ́n máa gbé e kà. Ó ń bí mi nínú títí di òní.

Ojú_Kò_Sùn

Lórí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, Iná_Àtùpà. Mi ò ní tàn yín, ìwé ti gba oorun lójú mi rí. Kì í sì í ṣe ìwé apààyàn. Salem yìí náà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni Dorothy Good. Wọ́n mú un ní oṣù Kẹta 1692 pé àjẹ́ ni. Wọ́n tilẹ̀ ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sínú ìwé tí wọ́n fi wá mú un, Dorcas ni wọ́n pè é. Àwọn tó wà nípò àṣẹ lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè. Ó ní òun ní ejò kékeré kan tó máa ń mu òun lọ́wọ́. Wọ́n ní níbo? Ó na ìka rẹ̀ sí wọn, ó fi oríkèé tó wà nísàlẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí àpá pupa kan níbẹ̀, kò ju ibi tí kòkòrò kékeré bá ti jẹ èèyàn lọ.

Ìka ọmọdé yẹn ni mo ń rí lóru. Ọmọ tó na ọwọ́ sí àgbàlagbà, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun wò ó ni.

Wọ́n so ìyá rẹ̀, Sarah Good, rọ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún yẹn. Àbúrò Dorothy tó wà lọ́mú kú sínú ẹ̀wọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ lo bí oṣù méje sí mẹ́jọ nínú ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní 1710, bàbá rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba pé láti ìgbà yẹn ọmọ náà kò ní làákàyè tó lè fi darí ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n san 30 pọ́n-ùn fún un. Bàbá yìí kan náà ló sì ti sọ fún ilé ẹjọ́ ní 1692 pé ẹ̀rù ń ba òun pé àjẹ́ ni ìyàwó òun, àbí pé kò ní pẹ́ dà á.

Ohun tí mo ń ṣe látìgbà náà: mi ò ka irú ìwé yìí mọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ọ̀sán ni mo ń kà á, ibi tí mo ti lè gbójú sókè rí èèyàn. Bí mo bá rí i pé mo ti ń ka ibi ìyà jíjẹ lẹ́ẹ̀kejì láìnídìí, mo mọ̀ pé ó tó, mo gbé e sílẹ̀. Mo tún ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó kú sí. Kì í ṣe orúkọ ẹni tó pa wọ́n, orúkọ tiwọn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ó dà bíi pé ìwé kíkà mi ń ṣe nǹkan kan fún wọn.

Iná_Àtùpà

Ojú_Kò_Sùn, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní láti dìde. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè. Àwọn ará Salem kò ṣe ohun tí wọ́n fi kàn wọ́n. Àwọn tó ṣe é ní tòótọ́ ńkọ́? Mo fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń ka ìwé nípa obìnrin tó pa ọmọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé òun náà ń jẹ̀gbádùn ẹ̀.

Onígègé

Iná_Àtùpà, ìbéèrè tó dára lẹ béèrè yẹn. Ìmọ̀ràn mi kìíní: ẹ yàgò fún ìwé tó kó obìnrin 50 jọ, ojú ewé mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́ta kò lè gba ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ wá ìwé tó jókòó ti ẹjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ gbé Mary Ann Cotton yẹ̀ wò, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n so ó rọ̀ ní ẹ̀wọ̀n Durham ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1873. Lórí èèpo ìwé, ẹ máa rí i pé èèyàn 21 ló pa. Ní ilé ẹjọ́, ẹyọ kan ni wọ́n dá a lẹ́bi fún: Charles Edward Cotton, ọmọ ọkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Àwọn yòókù, ìfura ni, bí ìfura náà tilẹ̀ lágbára gan-an, torí àwọn ọkọ àti ọmọ kú léraléra nínú ilé rẹ̀, inú rirun ni wọ́n sì ń sọ pé ó pa wọ́n, owó ìbánigbófò sì ń wọlé. Ìwé tó dára máa ń fi ààlà sáàárín ohun tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ àti ohun tí wọ́n fura sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára ni bí wọ́n ṣe mú un. Ó sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àdúgbò kan pé ọmọ yẹn kò ní pẹ́ dí òun lọ́wọ́ mọ́, pé á lọ bí gbogbo àwọn Cotton yòókù ti lọ. Ọmọ náà kú láìpẹ́. Òṣìṣẹ́ yẹn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Dókítà ti tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú ikùn ọmọ náà pamọ́, ìgbà tó sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic. Agbẹjọ́rò rẹ̀ jiyàn pé àwọ̀ ewé tó wà lára bébà ara ògiri ló ní arsenic nínú, pé ọmọ náà fà á símú ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn lásán o, àwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà lóòótọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ kò gbà á.

Ẹ wò ó, ìwé gidi á ṣàlàyé fún yín bó ṣe ṣeé ṣe. Arsenic funfun bíi súgà, kò ní adùn kan pàtó, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, torí eku ni wọ́n sì sọ pé àwọn ń rà á fún. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó ń fà kò yàtọ̀ sí àìsàn ikùn tó ń pa ọmọdé lójoojúmọ́ nígbà yẹn. Ọdún 1836 ni James Marsh tó gbé ọ̀nà tó dájú láti fi rí i nínú òkú jáde. Òfin 1851 ní kí ẹni tó ń tà á máa kọ orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀. Ta ló ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn? Ta ló ń jókòó tì í lóru? Obìnrin ilé ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn ìgbà náà fi ń pè é ní ohun ìjà obìnrin. Bí ẹ bá mọ gbogbo èyí, ẹ ò ní máa fi ojú iwin wo Cotton mọ́, ẹ máa rí èèyàn tó ń ronú tó sì ń pinnu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn burú ju iwin lọ lójú tèmi.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ẹjọ́ fúnra rẹ̀: àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ Old Bailey ti Lọ́ńdọ̀nù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti 1674 sí 1913. Ti Salem náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, Yunifásítì Virginia ló kó o jọ. Ẹ kà á kí ẹ tó ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ lé e lórí, tàbí kí ẹ ka méjèèjì papọ̀.

Arìnnàkò

Belle Gunness náà ńkọ́? Ilé oko rẹ̀ jó ní La Porte, ìpínlẹ̀ Indiana, ní oṣù Kẹrin 1908. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà rẹ̀, wọ́n rí òkú àwọn ọkùnrin tó ti fi ìpolówó inú ìwé ìròyìn tàn wá. Wọ́n rí òkú obìnrin kan nínú ilé tó jó náà, kò ní orí. Ìwé tó bá sọ fún yín pẹ̀lú ìdánilójú pé ó sá lọ, àbí pé ó kú síbẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti eré onítàn àti ìtàn àròsọ, ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Ẹ má kà á. Òun ló sọ Lucrezia Borgia, obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Ítálì, di olóró. Obìnrin yẹn kú ní 1519, kò sí ẹ̀rí kan pé ó fún ẹnikẹ́ni ní májèlé jẹ, ó tilẹ̀ ṣàkóso ìlú Ferrara nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Nígbà tó di 1833 tí wọ́n gbé e sórí ìtàgé ní Faransé, tí wọ́n tún fi kọrin ní Ítálì lọ́dún kan náà, ó parí. Májèlé nìkan ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Akàtàn

Arìnnàkò, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, inú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nínú eré yẹn, ó ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ó ní kí wọ́n bẹ́ Adétutù, ẹrú rẹ̀ tó lóyún, lórí, nígbà tí Látòósà, olórí Ìbàdàn, ṣẹ́gun rẹ̀, ó gbé májèlé jẹ. Ìgbà tí mo wá ka ìwé ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson, mo rí ikú mìíràn. Johnson kò mọ̀ nípa májèlé kankan. Ó ní Ààrẹ Látòósà fẹ̀sùn kàn án pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ìjà ránṣẹ́, pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, ó san án. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà 1874, ẹrú rẹ̀ méjì gba òkè àjà wọlé sí i lóru, wọ́n fọ́ ọ lórí mọ́lẹ̀. Ọmọ tó gbà tọ́, Kúmúyìlọ̀, wà lára àwọn tó mọ̀ sí i.

Ní ti ìwà ìkà, Johnson kò bò ó. Ó kọ ọ́ pé ẹyọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, àti pé láti ìgbà yẹn ló ti ń fìyà jẹ ẹrúbìnrin rẹ̀ tó bá lóyún, ó ń mú wọn ṣẹ́ oyún náà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú sí i. Ẹ rí i? Ọ̀fọ̀ yẹn kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ẹrúbìnrin yẹn kú, ẹnì kan kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àmọ́ ó yẹ ká mọ̀ pé kì í ṣe nítorí wọn ni Látòósà ṣe bá a jà. Ọ̀rọ̀ ogun àti ìbọn ni. Àwọn olóyè jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ṣé ká wá ju eré náà nù? Rárá o. Bí kì í bá ṣe eré yẹn, mi ò ní mọ orúkọ obìnrin náà débi tí màá fi wá Johnson kà. Eré ló ṣílẹ̀kùn. Ohun tó yẹ ni pé kí èèyàn má dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Johnson náà ńkọ́? Ó gbé Ìbàdàn lásìkò yẹn, ìyẹn gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ níyì. Ṣùgbọ́n àlùfáà ni, ojú àlùfáà ló fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, kò sì jáde títí di 1921. Ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á, pé ọwọ́ méjì ló kọ ohun tí ẹ ń kà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Njinga, ọbabìnrin Ndongo àti Matamba ní ibi tó di Àǹgólà lónìí, tó kú ní 1663. Cavazzi, àlùfáà ọmọ Ítálì tó sin ín, ló kọ ọ̀pọ̀ nínú ìtàn tó ń dẹ́rù bani nípa rẹ̀, ìwé rẹ̀ jáde ní 1687. Ìtàn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ronú pìwà dà ni Cavazzi fẹ́ sọ. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ṣe dúdú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrònúpìwàdà á ṣe tàn tó. Èyí kò sọ pé ọwọ́ Njinga mọ́, ó jagun, ó sì ta ẹrú. Ó kàn jẹ́ ká mọ ìdí tí ìwé náà fi rí bó ṣe rí.

Ranavalona kìíní ti Madagáskà, tó jọba láti 1828 sí 1861, ni mo máa ń sọ pé ó le jù láti kà. Àwọn ajíhìnrere tó lé kúrò ló kọ ìtàn rẹ̀ fún Yúróòpù. Ó pa Kristẹni lóòótọ́, Rasalama ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀kọ̀ gún pa, ní 1837. Ó fún àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní èso olóró tí wọ́n ń pè ní tangena jẹ, láti fi mọ̀ bóyá wọ́n jẹ̀bi, ọ̀pọ̀ kú. Òun náà ló sì lé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé padà ní Tamatave ní 1845. Ìwé tó bá gbé apá kan ṣoṣo, kò pé.

Arìnnàkò

Akàtàn, ẹ ti borí mi lórí ọ̀rọ̀ eré. Mo gba ẹnu ọ̀nà yẹn. Àmọ́ kí èèyàn ti mọ̀ kó tó wọlé pé ẹnu ọ̀nà ni.

Ọ̀rọ̀_Ẹlẹ́rìí

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ dá sí i lórí ìwé tó dá lórí ọ̀rúndún 20, torí ó yàtọ̀. Níbẹ̀, àwọn tí nǹkan ṣe ṣì wà láàyè, tàbí ọmọ wọn.

Irma Grese jẹ́ wọ́dà ní àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni ìjọba Násì ti Jámánì: Ravensbrück, Auschwitz àti Bergen-Belsen. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé òun àti àwọn 44 mìíràn lọ sí ilé ẹjọ́ ní Lüneburg ní 1945. Wọ́n so ó rọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, ọmọ ọdún 22 ni. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n so Elisabeth Volkenrath àti Johanna Bormann rọ̀, àmọ́ ẹ̀yin ẹ wá ìwé nípa àwọn méjèèjì yẹn wò. Kò wọ́pọ̀. Grese lẹ́wà, irun rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, ohun tó ń ta ìwé nìyẹn. Ìwé tó bá fi ìpínrọ̀ mẹ́ta sọ ojú àti bàtà rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó nà, mo máa ń gbé e sílẹ̀. Ẹ ka ohun tí àwọn tó la àgọ́ náà já sọ ní kóòtù. Wọ́n sọ̀rọ̀ ṣókí ṣókí, ẹni tí wọ́n rí, ọjọ́, ibi tí wọ́n dúró sí. Kò sí ẹwà kankan nínú rẹ̀.

Pauline Nyiramasuhuko tún sún mọ́ wa jùyẹn lọ. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ẹbí àti ìlọsíwájú obìnrin ni ní Rwanda ní 1994. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá a lẹ́bi ní oṣù Kẹfà 2011, lẹ́yìn ẹjọ́ tó gba ọdún mẹ́wàá. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ àgbáyé dá lẹ́bi fún ìpẹ̀yàrun, àti fún ìfipábánilòpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 47 ní 2015. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń dúró sórí pé báwo ni ìyá, báwo ni obìnrin, ṣe lè ṣe é. Mo lóye ìyàlẹ́nu yẹn, àmọ́ ìwé tí kò bá kọjá ìyàlẹ́nu kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: ta ló pàṣẹ, ọkọ̀ wo ni wọ́n fi kó àwọn èèyàn tó sá wá sí ọ́fíìsì ìjọba ní Butare, òru mélòó. Lẹ́tà àwọn ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi pè wọ́n, kì í ṣe orúkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ wá wọn nílé. Nítorí náà Ojú_Kò_Sùn, nínú ìwé kékeré tiyín yẹn, ẹ fi lẹ́tà wọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má wá orúkọ wọn.

Ojú_Kò_Sùn

Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe.

Iná_Àtùpà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Mo ti dá ìwé Báthory àkọ́kọ́ yẹn padà. Lánàá mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí mo ròyìn ẹ̀jẹ̀ wíwẹ̀ fún, mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, mo sì sọ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ. Ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù. Èkejì bi mí bóyá òun lè yá ìwé kejì.

Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni màá kọ́kọ́ kà báyìí kí n tó ra ìwé mìíràn. Mo ti ra ìwé kékeré tèmi náà, mo ti fa ìlà sí àárín ojú ewé àkọ́kọ́: apá òsì fún ohun tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀, apá ọ̀tún fún ohun tí wọ́n fura sí. Ní apá òsì, orúkọ kan ló wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Charles Edward Cotton, ọmọ ọdún 7.